Ife Méjì Nínú Kíláàsì Kan

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú òtútù òkun, ẹ kú ìdí ààrò. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bọ́sẹ̀ àti ọmọ tuntun tí n kò tí ì rí. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti kọ lẹ́tà yìí sí yín, kí àwọn ẹlòmíràn lè bá yín kà á. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kọjá èyí tí à ń sọ lórí fóònù.

Òjò kò dákẹ́ ní Ìkòròdú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi nìkan ni mo máa ń jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń sọ èdè Ìlàjẹ ládùúgbò tí mo gba ilé sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún àárò ilé ni mo fẹ́ sun sí yín lónìí. Inú ló ń bí mi.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé ìwé aládàáni tí mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní sáà yìí, ó kan bí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni òfin ní kí wọ́n máa jókòó sí, pé ẹ̀rọ omi òyìnbó yàtọ̀ sí tiwọn, àti pé nígbà tó sú wọn, wọ́n kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Olórí kíláàsì, ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, kọ àròkọ tó mú omi bọ́ lójú mi. Ó ní ìkà ni ẹni tó bá lè ya omi mímu ọmọ ènìyàn sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ife méjì ló wà nídìí kẹ́ẹ̀gì omi wa. Èyí tó dáa jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹ́sítéètì. Èyí tí etí rẹ̀ ti kán jẹ́ ti àwọn ọmọ apẹja etí ọ̀sà, ọmọ Ìlàjẹ bíi tiwa, tí wọ́n tò sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà òjò, òkè ààrò ẹja ni àwọn ìyá wọn ń sá yúnífọ́ọ̀mù sí kó lè gbẹ, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe fún wa, nítorí náà aṣọ wọn máa ń ní òórùn èéfín. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń bá ìyá tó ni ilé ìwé sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni.

Lọ́jọ́ tí mo dá àròkọ padà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn, Ọmọ́tádé, bọ́ síwájú, ó fi ife tó dáa bu omi mu. Olórí kíláàsì gba ife náà, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó mu tirẹ̀. Ọwọ́ tó fi kọ àròkọ yẹn náà ni. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ohun tí àgbà fi hàn án ló ń ṣe.

Láti ọjọ́ kejì, kò sí ọmọ apẹja tó fẹnu kan omi ilé ìwé mọ́. Omi ilé ni wọ́n ń gbé wá nínú ike. Èmi kọ́ ni mo kọ́ wọn. Ni ìyá tó ni ilé ìwé bá pè mí, ó ní ìtàn lòun ní kí n kọ́ wọn, òun ò ní kí n kọ́ wọn níjà. Ó ní lọ́jọ́ Ajé kí n tọrọ àforíjì níwájú àwọn òbí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó ẹrù mi. Ọmọ́tádé náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ bẹ olórí kíláàsì. Ta ló yẹ kó bẹ ta?

Ìyá Ọmọ́tádé wá lánàá láti mú un kúrò. Ó ní àwọn kò wá jà, kí ọmọ òun máa bá òun yan ẹja. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ọmọ náà ló dá a lóhùn. Ó ní àwọn tó kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́jọ́un, wọn ò tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Ajé, òun ò sì ní kúnlẹ̀.

Ìyá mi, èmi náà ò ní bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lẹ́bùúté pẹ̀lú ẹrù mi, ẹ má bá mi wí. Ọmọ́tádé ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún, nítorí èmi nílé tí mo lè sá wá, òun á ṣì wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí àwọ̀n Bàbá má bọ̀ lófìfo. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ọmọ yín,
Tóyìn