Iye Ló Mọ̀

Àbámẹ́ta, 1/11/2025

Eré Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn ti parí. N ò mọ ẹni tó pa Olówó-Pákó. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tún dà rú mọ́ mi lójú ju báyìí lọ. Láti ìgbà òjò la ti ń pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Loveth, ọ̀gá tí mo ń bá ránṣọ níbí ní Ọ̀rẹ̀, láti wo eré yìí. Ọkùnrin olówó kan tó ní ilé ìlagi kú sínú yàrá tí wọ́n tì láti ìta. Ta ló tì í? Wọ́n ní lónìí làwọn máa sọ. Wọ́n wá gbọ́ ohùn olóògbé nínú fóònù rẹ̀: "Iye... Iye ló mọ̀." Ó dákẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó tán!

Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Àǹtí Loveth ní iye owó tó sọnù ló ń wí, akọ̀wé owó ló pa á. Lawrence ọlọ́kadà, ọmọ Òdìgbó pọ́ńbélé, ní irọ́ ni: "Iye rẹ̀ ni. Iye tó bí i lọ́ma." Ìyá àgbà tó ti ń bó ẹ̀pà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí kì í sọ̀rọ̀, ló ń wí. Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi náà gbè sẹ́yìn Lawrence. Ní èdè tiwa níbí, ìyá ni iye.

Kí-Nìdí jókòó tì mí. Ọlásúnkànmí ni orúkọ ẹ̀, ará Ìsẹ́yìn, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan ta sólà lódìkejì títì. Èmi ni mo ń pè é ní Kí-Nìdí nínú ọkàn mi, torí kò sí ohun tó gbọ́ tí kì í bèèrè ìdí ẹ̀. Ó ní iye ni iye, pé èló ni nǹkan jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní iye tèmi wà ní Omifunfun, ó ń yan gàrí lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó, kó lọ bi í bóyá èló ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá ń wò mí.

Ohun tí n ò lè sọ fún ẹnì kankan — eré yìí ló ń gbé Kí-Nìdí wá sọ́dọ̀ mi, ó sì ti tán. Ilé iṣẹ́ ẹ̀ ń gbé e lọ sí Ìlọrin ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi nípa èmi àti òun. N ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Àìkú, 2/11

Ìjà kan náà lẹ́yìn ìsìn. Àwa akọrin ò tíì bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn. Ìyá Ìjọ ní òun ò wo eré náà rí, ṣùgbọ́n akọ̀wé owó ni. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ajé, 3/11

Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì fún Kí-Nìdí. Ojú ni mo fi wọn ara ẹ̀. Ẹ̀bùn ni.

Ọjọ́rú, 5/11

Mo fún un. Ọrùn bá a mu, apá gùn díẹ̀. Ó wo ara ẹ̀ nínú dígí títí. "Kí nìdí ẹ̀, Joanna?" Mo ní torí ìrìnàjò ẹ̀ ni. Òmùgọ̀ ni mí. Ta ló ń ránṣọ fún ìrìnàjò?

Ọjọ́bọ̀, 6/11

Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láàárọ̀. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí, láìsí àmì kan lórí ẹ̀: "Joanna, mo fe mo iye ki n to lo."

Iye. Iye ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ sanwó kó tó lọ, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ó dùn mí wọ eegun. Mo fèsì pé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ò tó bẹ́ẹ̀ rárá — kó dun òun náà.

Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, òun á san án. Kò tilẹ̀ ná an.

Ẹtì, 7/11

Kò san án. Kò sì wá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní títì látàárọ̀. Lawrence náà ò sí ní páàkì. Mo rán síìpù sódì lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí Loveth ní kí ni mo ń wò lójú títì. Mo ní mọ́tò ni.

Àbámẹ́ta, 8/11

Sátidé tí kò sí eré. A ṣì pé jọ, bí ẹni pé ẹnì kan máa jáde wá ṣàlàyé. Àga Kí-Nìdí ṣófo. Àǹtí Loveth ti yí padà, ó ní ìyá ló pa á. Orí mi tún dà rú, torí èmi ti ń rò ó pé bóyá owó ni lóòótọ́. Lawrence ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Joanna, iye ló mọ̀." N ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Àìkú, 9/11

Iye mi pè mí, wọ́n ní kí n wá ulé ní Omifunfun kíákíá. Mo rò pé ara wọn ò yá. Mo débẹ̀, wọ́n ń yan gàrí, ara wọn le koko.

Wọ́n ní ọma kan wá lọ́jọ́ Ẹtì, Lawrence ló gbé e wá. Ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn ẹ̀, apá ẹ̀ gùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo ẹ̀gẹ́. Kò pè wọ́n ní Màmá. Ó ní, "Iye, ẹ kú iṣẹ́." Ó ní òun ń lọ sí Ìlọrin, òun fẹ́ mọ̀ wọ́n kí òun tó lọ, torí ọ̀rọ̀ Joanna. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kalẹ̀. Ó ní Joanna ló sọ pé iye tí wọ́n ń san nìyẹn kí wọ́n tó mọ iye.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe.

"Mo gba oghó náà. Mo rò pé àṣà ulé ghan ní Ìsẹ́yìn ni. Mi ò fẹ́ dójú tì í." Wọ́n yí gàrí inú agbada. "Ó ní kí n bá òun bi ẹ́ bóyá ó tó."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ṣí fóònù. Mo fe mo iye ki n to lo. Mo fi ẹnu tiwa kà á. Gbogbo Ọ̀rẹ̀ ni mo bá jiyàn pé ìyá ni iye, ìgbà tó kàn mí, èló ni mo kà. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Iye ní ìgbà wo ló ń lọ. Mo ní ọ̀la. Wọ́n ní kí ni mo wá jókòó síbí ṣe.

Mo kọ̀wé sí i: Iye ti mọ̀ ẹ́. Wá gba owó ẹ kí o tó lọ.

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: Kí nìdí ẹ̀?

Mo ń dúró de Lawrence kó wá gbé mi lọ bá a ní Ọ̀rẹ̀. Ìdí ẹ̀ gùn, kò ṣeé kọ sórí fóònù.