Ọwọ́ Mi Kọ́ Ló Ba Ẹja Yín Jẹ́

Ilé Bàbá Ọláògún,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Ṣẹ̀rífátù,

Ẹ bá mi kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀. Kì í ṣe inú dídùn ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó bí mi ní Ìwó kọ́ mi pé a kì í bá àgbà wíjọ́ láìkọ́kọ́ kí i. Mo gbàdúrà pé kí ara yín le, kí ojú yín sì ríran dáadáa, nítorí mo fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ fúnra yín.

Ó pé oṣù márùn-ún tí ẹ ti lé mi kúrò ní Ìjẹ̀dẹ. Àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ yín ń jáde pẹ̀lú ìrù wíwọ́, òmíràn ò lójú, wọ́n sì ń kú lójoojúmọ́. Nítorí pé èmi ni mo máa ń fún ẹyin jáde níkùn abo, ẹ pariwo fún gbogbo àdúgbò pé mo da nǹkan sínú omi. “Ọlọ́wọ́ burúkú!” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ pè mí níṣojú Tẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo bí. Ẹ tún gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ẹ ní ọmọ ilé yín kò ní bá aṣebi lọ. Lukman ọkọ mi kàn dúró, ó ń wolẹ̀.

Bàbá Ọláògún, bàbá Mardiyah ọ̀rẹ́ mi, ló gbà mí sílé. Bàbá ti ń sin ẹja kí ẹ tó mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ ẹja. Ó bi mí pé níbo ni ẹ ti ń ra akọ. Mo ní ẹ kì í rà. Mo ní akọ olórí ńlá kan tí ẹ rà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ni ẹ ń fi pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọọmọ mọ́ ọmọọmọ, nítorí ẹ ní irú ẹja yín ò sí lọ́jà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò nínú kòtò, wọ́n wá ń wá ẹni tó ṣe wọ́n!”

Kí ẹ má baà ní mo ń purọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ojú ti Lukman níkẹyìn, ó gbé abo kan àti akọ kan wá fún mi láti inú kòtò yín, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi yín mẹ́rin. Mo pín ẹyin abo yẹn sí abọ́ méjì. Mo fi àtọ̀ akọ yín po ọ̀kan, mo fi ti akọ Bàbá po èkejì. Omi yín ni mo fi tọ́ méjèèjì. Ìyá kan, omi kan, ọwọ́ mi kan náà tí ẹ ní ó burú. Àwọn ọmọ akọ yín, ìrù wọn wọ́, wọ́n sì kú lọ bẹẹrẹ. Ti akọ Ẹ̀pẹ́ nà ṣánṣán. Gbogbo ilé ló rí i.

Hàà, Àǹtí! Kí ẹ tó jẹ́ kí Lukman fẹ́ mi, ẹ rán ènìyàn lọ sí Ìwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ béèrè bóyá wèrè wà nílé wa, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá a bá yín tan níbì kankan. Ẹ wádìí mi bí ẹni ń wádìí olè. Ẹja tí ẹ fi ń jẹun, ẹ ò wádìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ di ẹrù Tẹniọlá sílẹ̀. Bí Lukman bá fẹ́ tẹ̀lé wa, ọ̀nà ò dí.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní ọmọ náà jọ yín. Ó jọ yín lóòótọ́. Iwájú orí yín ni, ìrìn yín ni, bí ẹ ṣe ń fọwọ́ lé ìbàdí náà ló ń ṣe. N kò torí ìyẹn kórìíra rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lukman gbé fóònù fún un pé kí ó kí mi. Ọmọ náà ní, “N ò ní bá ọlọ́wọ́ burúkú sọ̀rọ̀.” Àǹtí, ti ẹja yín, ẹ̀jẹ̀ ni. Ti ọmọ mi, omi tí ẹ fi ń tọ́ ọ ni. Mò ń bọ̀ wá yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n purọ́ mọ́ yín bí ẹ ti purọ́ mọ́ mi. Kí Ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn tí ẹ óò fi lè tọrọ àforíjì.

Èmi ni ìyàwó àbúrò yín, ìyá Tẹniọlá,
Mọ̀nsúrát.

Àfikún: Màá gbé akọ kan láti Ẹ̀pẹ́ dání fún yín. Ẹ má tún fi ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ o. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ gba tiyín, kí ẹ fún mi ní tèmi.