Igi Mẹ́rin Láàrin Omi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Ọ̀sẹ̀ kejì mi ní Òṣogbo rè é. Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan. Ní kíláàsì, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí. Lónìí olùkọ́ pe orúkọ mi — Mọpẹ́olúwa. Mo dáhùn, kò gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò wá. Mi ò lè dìde sọ pé mo wà níbí.

Òdìkejì odò Ọ̀ṣun ni yàrá mi wà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ Màámi ti rí ibi gbà mí sí. Bí mo bá gba títì, tí mo yí gba orí afárá, ó lé ní wákàtí kan kí n tó dé iléèwé. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ Bàbá Awóyẹmí nìkan ló kù ní èbúté. Àwọn yòókù ti wọ́ tiwọn gun orí ilẹ̀. Adìẹ kan ti yé ẹyin sínú ọ̀kan.

Lónìí ọkọ̀ forí sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Odò tó fẹ̀ tó báyìí, omi ò ju orúnkún lọ láàrin rẹ̀! Gbogbo wa bọ́ bàtà, a sọ̀kalẹ̀, a tì í kúrò lórí iyanrìn. Ìyá Ariwo nìkan ni kò sọ̀kalẹ̀. (Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ló ń tà.) Ó ní kí á ti òun pẹ̀lú ọkọ̀. "Ẹni tó bá tì mí, èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ẹ̀ẹ̀mejì. Bàtà mi ò tíì gbẹ láti àná.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Bàbá Awóyẹmí fúnra wọn ló ṣàlàyé fún ọkùnrin kan tó ń bínú pé òun ti pẹ́. Wọ́n ní láti ogójì ọdún, àwọ̀ omi ni àwọn fi ń tukọ̀. Ibi tó bá dúdú jìn. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìsinsìnyí, láti etí odò dé etí odò, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni. Àwọ̀ kan ṣoṣo. "Ojú mi ò fọ́ o," wọ́n ní, "odò ni kò jẹ́ kí n ríran mọ́." Wọ́n ń rọra fi ọ̀pá tọ ìsàlẹ̀ omi bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù.

Ìyá Ariwo gbà á lẹ́nu wọn. Ó ní àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ilẹ̀ tí wọ́n ń hú lókè lọ́hùn-ún ló ń ṣàn wá bá wa. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ẹni tó bá fún wọn nílẹ̀, kí iyanrìn dí i lọ́fun!"

Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín.

Èmi náà ṣe àmín. Ó ti jáde kí n tó mọ̀.

Bàámi ló fún wọn nílẹ̀. Oko kòkó wa lẹ́yìn Iléṣà, lẹ́bàá odò kékeré tó ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Ó di ọdún méjì. Bí kì í bá ṣe ti owó ilẹ̀ yẹn, mi ò ní wà níléèwé.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo sọ̀rọ̀ lónìí. Nínú ọkọ̀. Sókè!

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wo omi, torí mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọ̀ kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò rí bákan náà. Níbi tí iyanrìn bá wà lábẹ́ rẹ̀, omi máa ń hunjọ wínníwínní, bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Níbi tó bá jìn, ó máa ń dán, kì í sì í kánjú.

A fẹ́ forí sọ òkìtì iyanrìn kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún." Wọ́n wò mí. Wọ́n yí ọkọ̀ sí ọ̀tún. A kọjá. Mo tún nawọ́. A tún kọjá. A dé òdìkejì, ẹnikẹ́ni ò bọ́ bàtà!

Ìyá Ariwo ní, "Haa! Ṣé o lè sọ̀rọ̀? Mo ti rò pé odi ni ọ́."

Bàbá béèrè ará ibo ni mí. Mo ní Iléṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ọ̀ṣómàáló. Iwájú ọkọ̀ ni àyè rẹ láti òní lọ."

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Bàbá mú mi dé ilé wọn lẹ́yìn èbúté. Ọmọ wọn obìnrin, Àǹtí Àpìkẹ́, lóyún. Ikùn náà ti wálẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn ìgbéyàwó, oyún àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mùtàlíbù, káfíńtà ni, ó sì ń gbààwẹ̀. Bàbá ń bọ Ọ̀ṣun, ọmọ wọn ń kírun, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn nínú ilé náà. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni ti ẹni tó jẹ ẹ̀pà tí wọ́n fi pamọ́.

Àǹtí Àpìkẹ́ ò lè panu mọ́. Ó ní kí n má wo ojú òun jù, kí ọmọ má lọ gbé imú Ìjẹ̀ṣà jáde. Ó ní, "Kí ni bàbá rẹ ń ṣe?"

Mo ní, "Àgbẹ̀ ni wọ́n, mà."

Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀pà tó fún mi sápò, mi ò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Bọ̀dá Mùtàlíbù pè mí ní "ọmọ wa" níwájú àwọn èèyàn. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ lọ bá Bàámi. Mi ò lè máa jókòó síwájú ọkọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí, kí ilẹ̀ wa sì máa ṣàn wá bá wọn. Màá bẹ̀ wọ́n. Wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Mo sọ fún Bàbá Awóyẹmí pé mo ń lọ kí wọn nílé, màá dé lọ́jọ́ Ajé. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní oṣù Àpìkẹ́ ti pé, ọjọ́kọ́jọ́ ni. Ta ni yóò máa wo omi?

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Èmi àti Bọ̀dá Mùtàlíbù wọ odò láàárọ̀. Omi dé àyà mi níbi tó jìn. A gún igi ọparun mẹ́rin láti etí kan dé èkejì, a so ọ̀rá pupa mọ́ orí wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ sáà máa fara mọ́ igi. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló jìn." Bàbá tu ọkọ̀ lọ, wọ́n tù ú bọ̀. Kò fara kan nǹkan kan. Wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ mọ́tò Iléṣà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mi ò mọ oko wa mọ́. Kòkó ò sí níbẹ̀ mọ́. Kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ké, òkìtì ilẹ̀ pupa ga ju ilé lọ lẹ́bàá odò.

Mo bẹ Bàámi. Mo sọ ti Bàbá Awóyẹmí, ti ọkọ̀, ti Àǹtí Àpìkẹ́. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Mọpẹ́, kòkó yẹn ti ń kú kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì ò kàwé. Ìwọ ni mo ní kí ó kàwé. Tí mo bá ní kí wọ́n kúrò, ṣé wàá padà wálé?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò jáde.

Òjò ńlá lọ́sàn-án. Àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn ilẹ̀ dára. Òkìtì kan lẹ́bàá kòtò ya lulẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ inú odò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí mo dé. Èèyàn kankan ò sí ní èbúté àyàfi Ìyá Ariwo. Ó di ọwọ́ mi mú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́ fún mi, bí ẹni pé ohùn ẹlòmíì ni.

Àná, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni Àǹtí Àpìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Omi ti jáde lára rẹ̀. Wọn ò rí ọ̀kadà torí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bàbá gbé e sínú ọkọ̀, pé ilé ìwòsàn ò jìnnà tí wọ́n bá ti dé òdìkejì. Wọ́n fara mọ́ igi bí mo ṣe wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kẹta ni ọkọ̀ gun iyanrìn, ó gùn ún dé ìdajì. Iyanrìn tuntun ni. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gún igi. Bọ̀dá Mùtàlíbù bọ́ sínú omi, ó ń tì í, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, títí ó fi ṣubú. Òun àti Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀ láti tì í. Ọkọ̀ ò mira. Inú ọkọ̀ ni Àpìkẹ́ bímọ sí. Okùn ìwọ́ ti wé ọmọ lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ọkùnrin ni. Kò ké rárá.

Ìyá Ariwo ní, "Bàbá kàn ń sọ pé, igi tí ọmọ wa gún ni mo tẹ̀lé, igi tí ọmọ wa gún ni mo tẹ̀lé."

Kò sọ ọ́ bí ìbáwí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Mi ò jáde.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní kí n dìde, pé ta ló mọ̀ pé odò á yí ìdí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé ẹ̀bi mi kọ́. Ìyẹn ni mi ò lè fara dà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Oko. Bàámi. Owó iléèwé mi. Àmín tí mo ṣe.

Bọ̀dá Mùtàlíbù dìde, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tó ń fi òòlù gbá igi, kò sí nǹkan tó ń kàn.

Àǹtí Àpìkẹ́ wà lórí ẹní nínú yàrá. Mi ò tíì rí i kí ó dákẹ́ rí. Omi ọyàn ti rin iwájú bùbá rẹ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Lónìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń wa góòlù lónìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Mo gba títì lọ, mo gba títì bọ̀. Bàámi pè lórí fóònù. Mi ò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ kùtù. Bàbá Awóyẹmí ni. Wọn ò wọlé. Wọn ò wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Àwọn èrò ti dé. Ìyá kan ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sílé ìwòsàn. Mi ò rí omi."

Mo ní, "Bàbá—"

Wọ́n ní, "Mi ò wá torí ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní mi ò rí omi."

Mo tẹ̀lé wọn. Mo jókòó síwájú. Igi méjì ló kù nínú odò, ọ̀kan ti dojú bolẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná náà ń sunkún, gbogbo wa sì ń tẹ́tí sí ẹkún rẹ̀ bí ohun tó dára.

Ní àárín odò, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wo omi, ó pòṣé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn tó ń wa góòlù. Ó ṣẹ́ ẹ fún wọn, àti fún ẹni tó fún wọn nílẹ̀, àti fún ọmọ tó ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn èrò ṣe àmín. Mo dúró de ohùn Bàbá lẹ́yìn mi. Ọ̀pá wọn ń bọ́ sínú omi, ó ń jáde. Wọn ò ṣe àmín. Wọn ò sì sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Omi ń hunjọ níwájú wa. Mo nawọ́ sí apá òsì. Bàbá yí ọkọ̀ sí òsì.