Ìbẹ̀rù Ẹyọ Kan, fún Ìlò Ilé

Lagbé, Ifangni

Fawziath ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kútọnu? Ṣé ò ń rí jẹ, ṣé imú rẹ ṣì wà nínú ìbòmú bí wọ́n ṣe ní kó wà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí kọ̀rónà mọ ojúlé rẹ. Àwa náà wà láàyè, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ibodè Igolo ṣì wà ní títì pa, ìyá rẹ tó máa ń kó gàrí kọjá sí Ìdí-Ìrókò wá di ẹni tó ń jókòó wò mí láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń jẹ sààrì ń bí i nínú tó báyìí.

Lọ́jọ́ tí o pè pé ẹ̀rù ń bà ọ́, pé o fẹ́ wálé kí wọ́n tó dí ọ̀nà, mo pariwo mọ́ ọ pé o kò gbọdọ̀ gbé àìsàn Kútọnu wọ ilé mi. O kàn ní ó dáa, Bàbá, ohùn rẹ sì lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí á fi ọṣẹ fọ gbogbo ohun tó bá ti Kútọnu wá, ohùn rẹ sì ti ibẹ̀ wá, nítorí náà mo fọ fóònù náà dáadáa, mo sá a sóòrùn. Láti ọjọ́ náà ni o kò ti pè mọ́, ó ti lé lóṣù kan. Mo mọ̀ pé inú ló ń bí ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti ilé ìwòsàn, Philomène lorúkọ rẹ̀, gun alùpùpù wá pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní fíìsì. Ó dúró lókèèrè, ó ní kí n sọ iye ìbẹ̀rù, ìbínú àti ìbànújẹ́ tó wà nínú ilé, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Ìwọ náà mọ̀ wá ní ibodè níbí: bí àwọn aṣọ́bodè dúwáànù bá bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú àpò, ta ló ń ka gbogbo rẹ̀ fún wọn? Mo ní ìbẹ̀rù ò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà kì í ṣe fún títà, fún ìlò ilé ni. Mo ní ìbínú kò sí, a ti lò ó tán kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àfi bí ìyá rẹ ṣe yọ láti ilé ìdáná, ó ní irọ́ ni, ìbẹ̀rù mẹ́wàá, ìbínú mẹ́wàá, ti ìbànújẹ́ kí wọ́n má wulẹ̀ kà á. Mo ń ṣẹ́jú sí i, mo ń wúkọ́, Philomène bá tún sún sẹ́yìn. Mo ń ro owó tí wọ́n máa gbà lórí gbogbo ìyẹn.

Wọn ò gba fránkì kan. Philomène jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń gbọ́, ìyá rẹ sì ń sunkún, ó sọ nípa rẹ, ó sọ nípa gàrí, ó sọ nípa ẹnu mi. Nígbà tí a ṣínu lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ jẹ ẹ̀bà tán, ó sùn, ó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo fi tèmi pamọ́ wá dà bí ẹni tó gbé ọjà gba inú igbó lọ́jọ́ tí ibodè ṣí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn ní ilé ìwòsàn pé kí wọ́n tún tèmi kọ. Philomène ní mélòó ni. Mo ní mẹ́wàá. Ó ní kí ló fà á. Mo ní mo lọ́mọ kan ní Kútọnu, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ sá wá sọ́dọ̀ mi, mo sì lé e. Philomène ní kí n lọ bọ́jú.

Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ rán Anicet, awakọ̀ tòmátì tó mú ìwé yìí wá, kí n fi ra ṣúgà ìṣínu, kí n sì fi ra ọṣẹ, torí mo ṣì ń fọ fóònù náà ní gbogbo Jímọ̀. Bí kò bá sí, má dààmú. Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ, á jẹ́ kí o dàgbà jù wá lọ, ojú wa á tún rí ara.

Fawziath, mo jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà, máa bọ̀. Ìwọ àti àìsàn náà, bó bá tiẹ̀ wà, ilé yín nìyí.

Èmi bàbá rẹ,
Rafiou