Apá Òsì Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù keje

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni mo fi ń kéde ikú ìkòkò òdòdó màmá mi, tó di olóògbé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní lẹ́nu géètì. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án láyé. Erùpẹ̀ díẹ̀ àti ewé gbígbẹ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn mìíràn tó farapa: òpó géètì, tó ti wọ́ báyìí bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́, àti Arúgbó, ọkọ̀ ológun bàbá mi, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tèmi. Mọ́gáàdì òsì rún. Iná iwájú òsì fọ́. Bọ́ńpà yọ síta bí ètè ẹni tó ń bínú.

Bàbá mi — Ọ̀gágun, nínú ìwé yìí nìkan o. Awakọ̀ ni wọ́n ní báráàkì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì — ní bíréèkì ló kọ̀. Wọ́n wo òpó náà bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Màmá mi ò sí nílé, wọ́n lọ kí àbúrò wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo Ọ̀gágun, wọ́n lọ mú ìgbálẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Àṣẹ jáde. Èmi ni màá tún Arúgbó ṣe. Ọ̀gágun ní ìwé ẹ̀rí pólì mi ti sinmi tó lára ògiri.

Ó gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún. Lọ́dọọdún ni Ọ̀gágun máa ń kó àwọn ọmọ tó ń jáde ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn Arúgbó, tí wọ́n á gbé wọn yí àdúgbò ká. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni tọdún yìí. Ọ̀gá iléèwé ti fi orúkọ wọn ránṣẹ́.

Ọjọ́rú, 4

Bóòtù mẹ́jọ ló di bọ́ńpà mú. Méje gbà. Ẹ̀kẹjọ ní òun ò kúrò níbi tí ìjọba fi òun sí.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ẹ̀kẹjọ gbà. Awọ àtàǹpàkò mi bá a lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo yẹ bíréèkì wò. Jáàkì, táyà kan lẹ́yìn èkejì, ẹ̀yìn mi ń ké. Màmá mi ló gun ìjókòó awakọ̀ lọ bá mi tẹ ẹ́. Bíréèkì yìí lè dá òkè dúró.

Wọ́n béèrè látòkè pé, "Ṣé ó mú?"

Mo ní, "Ó mú, mà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ sí ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ajé, 9

Dókítà dé. Panẹ́bítà ni o, àmọ́ kò sí páànù tí kì í kọ́kọ́ kàn lórí, kó dẹtí sí i, kó mi orí bíi pé àwọn ẹbí ló kù kí òun bá sọ̀rọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ha mọ́gáàdì òsì. Ọ̀dà. Lábẹ́ ọ̀dà, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú páànù. Lábẹ́ pọ́tì, ọ̀dà míì. Lábẹ́ ìyẹn, pọ́tì míì, títí dé ìpele kẹta. Bí ìgbà téèyàn ń bó àlùbọ́sà, ojú sì ń ta mí lóòótọ́. Mo ha apá ọ̀tún: ọ̀dà ẹyọ kan, irin. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án látìgbà tó ti kúrò ní báráàkì.

Mo wo Dókítà. Dókítà ń wo ojú ọ̀run.

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Bàbá ẹ ní kí n panu mọ́. Mo panu mọ́. Ìwọ lo fi sáńpépà là á."

Ó wá ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń júwe ìbátan: odi iléèwé nìyí. Ọmọlanke nìyí. "Èyí — Ọlọ́run ṣàánú — kẹ̀kẹ́ ni. Ẹni tó gùn ún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Apá òsì. Kì í ṣe bíréèkì ló kọ̀.

Ọjọ́rú, 11

Mo ṣe àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní pólì: ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà. Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà, wọ́n ní kí n gbé sípánà wá. Mo nà án lápá ọ̀tún, wọ́n gbà á. Nígbà tó yá wọ́n tún béèrè òmíràn. Mo nà án lápá òsì. Mo dúró. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dúró. Sípánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn gan-an.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé alágbẹ̀dẹ lo lọ bẹ̀ kó rọ ọ́ ni?"

Mo gbé e yí sí ọ̀tún. Wọ́n gbà á. Wọ́n wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa la ojú mi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí wọ́n máa gbé ẹ̀fẹ̀ síwájú mi tí mi ò ní lè fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo lọ bá màmá mi nídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí ìwé ẹ̀sùn. Mi ò dé ìlà kejì.

Wọ́n ní, "Kí lo rò pé mò ń ṣe lápá òsì ẹ̀ láti ọdún méjì?"

Ojú mi là. Lójú pópó, apá òsì ni wọ́n máa ń rìn. Nídìí oúnjẹ, apá òsì. Nínú Arúgbó, tí ìdí awakọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún bí ti ayé àtijọ́, ìjókòó òsì, ẹnu wọn kì í sinmi: ó tó o, rọra, fà á sọ́tùn-ún díẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé ìjà ni. Ojú òsì ni wọ́n ń yá ọkọ wọn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n lọ kí àbúrò wọn, òpó rí ohun tó rí.

Mo ní kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti di isó inú ẹ̀kú, àmúmọ́ra ni. Pé ọkùnrin tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ju ìtọ́kọ̀ lọ, bí èèyàn bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù tó máa dì mú?

Mo ní, àwọn ọmọ náà ńkọ́?

Síńgílẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sá a, wọ́n ká a, wọ́n tún sá a.

"Mo lè jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà kí n máa pariwo. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ajé, 16

Iṣẹ́ ń falẹ̀. Èmi ni mò ń fà á. Wákàtí mẹ́ta lórí etí páànù kan. Dókítà ní, "Ṣé ò ń lù ú ni, àbí ò ń bẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀gágun gbé àga wá síta láti máa ṣọ́ wa. Wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe wa Arúgbó gba inú odò tó kún, ogún ọmọ ogun lẹ́yìn wọn, tí ẹnì kan ò fi já sómi. Wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n tún un sọ. Mo lu páànù kí n má bàa dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ó parí. Mọ́gáàdì dán, bọ́ńpà gún, iná ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán. Ó burú pé iṣẹ́ náà dára.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Kó tó di pé Ọ̀gágun jí, mo yọ ẹ̀yà kékeré kan lára ẹ́ńjìnì — èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì — mo fi sápò. Gbogbo ẹ̀kọ́ pólì mi rèé: mo ti di olè nílé bàbá mi.

Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Arúgbó wúkọ́. Wọ́n tún yí i. Ó wúkọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò lò tó ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ̀n ọdún nídìí ọkọ̀ kì í ṣe eré. Wọn ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n kàn nawọ́.

"Mú un wá."

Mo mú un jáde. Mo nà án lápá òsì. Mi ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọwọ́ wọn wá a nínú afẹ́fẹ́, ó kọjá lára ọwọ́ mi, ó padà, ó tún kọjá. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó yé wọn. Wọ́n rọra yí gbogbo orí wọn títí wọ́n fi rí mi.

Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Gbogbo wa, sà."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

"Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀."

Wọ́n jókòó sórí bọ́ńpà tuntun. Mo ní kí n lọ sọ fún ọ̀gá iléèwé. Wọ́n ní kí n jókòó, pé awakọ̀ ló ń jábọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n wọ bàtà. Màmá mi jáde láti ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n, wọ́n bọ́ sápá òsì wọn, àwọn méjèèjì bá ọ̀nà lọ. Ọ̀gágun di ọwọ́ wọn mú. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Mo dá ẹ̀yà náà padà sí àyè ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ọ̀gágun ń pè é, èmi ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ìwé ìrìnnà ní báráàkì:

ÌKÉDE. A fi èyí tó gbogbo ènìyàn létí pé ọkọ̀ ológun gbéra nínú ọgbà yìí ní aago mẹ́wàá àárọ̀ òní, pẹ̀lú ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n àti olùkọ́ méjì. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Fèrè ń dún. Orin kò dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, síbi tó ti gbéra. Ẹni tó farapa: kò sí. Kìlómítà tí a rìn: òdo. Àwọn èrò ní ká tún lọ.