Obìnrin Tó Ń Pe Àkànní

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kọkànlá, 1988

Bàbá Asiyah gbé nǹkan tuntun wọlé láti ibi iṣẹ́ wọn ní ìhà Ìrẹsà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe títì. Wokitọ́kì. Dúdú, ó wúwo, ó ní ìrù irin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró lẹ́yìn òkè kí ẹnikẹ́ni má kọjá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yin dáínámáìtì. Tó bá ti bú tán, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé lọ wò ó. Ó fi han Asiyah, ọmọ wa: tẹ bọ́tìnnì pupa yìí tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, fi í sílẹ̀ tí o bá fẹ́ gbọ́. Ó wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o.

Mo ń gé ọrùn bùbá oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan náà sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin. "Àkànní, Àkànní, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Àkànní! Oríkì tí ìyá ọkọ mi fi ń kí i láàárọ̀, tí èmi gan-an kì í pè é àfi tí mo bá ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbé e, ó di ìdí igi máńgòrò. Nígbà tó wọlé, mo ní ta ni. Ó ní Rose ni, akọ̀wé tó ń jókòó ti rédíò ní ọ́fíìsì wọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ta ló sọ Àkànní fún Rose?

Ọjọ́ Ajé, 7

Olóhùn-Oyin tún pè kó tó jáde. Àkànní lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kà á.

Ọjọ́rú, 9

Mo lọ ra kẹrosíìnì. Ta ni mo bá ní ilé-epo? Bàbá Asiyah, lórí alùpùpù rẹ̀, Ẹlẹ́nu wà létí rẹ̀. (Orúkọ tí mo sọ wokitọ́kì náà nìyẹn.) Bó ti fojú kàn mí báyìí — ó pa á. Hm.

Mo bi í nígbà tó délé. Ó ní ẹni tó ń ta epo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kígbe mọ́ òun, pé wọn kì í tan án níbi tí epo bá wà, iná bíńtín lè ṣẹ́ lára rẹ̀ kí gbogbo ibẹ̀ gbiná. Ó ní níbi iṣẹ́ wọn gan-an, tí wọ́n bá ti ń so okùn mọ́ dáínámáìtì, gbogbo wọn ló ń pa tiwọn, nítorí agbára rẹ̀ lè mú kí dáínámáìtì bú láìròtẹ́lẹ̀. Tó bá bú tán ni wọn yóò tó tan án, kí Rose lè sọ fún òun bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun má wọlé.

Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gba ìkankan gbọ́. Bẹntiróòlù wá di ẹni tí ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu! Èmi ni ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11

Mo lọ kí wọn nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ó sì bọ́ lẹ́nu mi. Àǹtí Hajarat, ẹ̀gbọ́n mi, pòṣé títí. Wọ́n ní, "Marufat, ohun tó ń pa mọ́ fún ẹ, inú kinní yẹn ló wà. Gbé e pamọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí o fi etí ara ẹ gbọ́ ọ."

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ogbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ń gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ọ̀la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15, àárọ̀

Mo ti ṣe é. Ẹlẹ́nu wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lábẹ́ àjákù aṣọ. Bàbá Asiyah wá a títí, ó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, ó bi Asiyah, ó bi mí. Mo ní mi ò rí i. Ó ní bí ọ̀gá wọn bá gbọ́ pé ó sọnù, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Òun ò ní wí fún ẹnì kankan títí òun á fi rí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Bó ti jáde lọ síbi iṣẹ́, mo tan án. Olóhùn-Oyin ń pe Àlàó. Ó pe Àjàní. Ó tún pe Àlàó. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló mọ oríkì wọn! Irú obìnrin wo nìyí? Ó wá ní kí gbogbo wọn pa tiwọn, wọ́n fẹ́ so okùn. Ariwo tán.

Ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn Àsárì



Ohùn Rose padà dé lọ́sàn-án: "Àkànní, má wọlé o. Ihò méjìlá ni Dúrósinmí yìn, mọ́kànlá ló bú. Ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ò ń gbọ́?"

Ó tún pè é.

"Àkànní, jọ̀ọ́, dáhùn."

Kò sí oyin lóhùn náà mọ́. Nígbà kẹrin, ó ti ń sunkún. Èmi tí mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń bá ọkọ mi sọ — mo ti gbọ́ ọ. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Mo ní kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ló wà. Mo ní èmi ìyàwó rẹ̀ ni, Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ẹ sáré rán ènìyàn sí i. Mo ń pariwo lọ, mi ò fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ohun tó fi han Asiyah ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi í sílẹ̀.

"… Àlàó ti gun alùpùpù lọ, mà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kírun, mi ò mọ iye ráká tí mo kí. Ọlọ́run, èmi ni mo pa á. Èmi ni.

Ó pẹ́ gan-an kí Rose tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ mi ti wọlé, ó ti ń gun òkúta lọ kí Àlàó tó ké sí i. "Ó wà láàyè, mà. Kò fara pa."

Ọjọ́bọ̀, 17

Bàbá Asiyah ò lè jẹun. Èmi náà ò lè jẹun. Mi ò sì tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Rose ti gba inú Ẹlẹ́nu sọ fún mi pé kí n gbé e wá fún òun lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo pa á kí n tó wé e sínú ìborùn. Obìnrin tí mo ń bá jà lọ́kàn láti ọjọ́ yìí — oyún oṣù méje, ẹsẹ̀ wú, ọkọ rẹ̀ sì ni Dúrósinmí tó ń yin dáínámáìtì yẹn. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ikùn náà.

Ó ní Mashood mẹ́ta ló wà níbi iṣẹ́ wọn, ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n máa ń pe ọ̀kan, méjì mìíràn á dáhùn. Ni kálukú bá mú oríkì rẹ̀ wá, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́ kó sì wọ ibi tí kò yẹ. Ó ní òun nìkan ló gbọ́ ohùn mi, òkè ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. "Mo sọ fún wọn pé obìnrin kan tó he é ló dáhùn. Èyí tó kù, ẹ̀yin àti ọkọ yín ni, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má bẹ òun.

Ọjọ́ Ajé, 21

Bàbá Asiyah mú àǹkárá wọlé, aláwọ̀ ewé, èyí tó dára. Ó ní obìnrin tó he wokitọ́kì yẹn ló jẹ́ kí òun wà láyé, Rose ò sì dárúkọ rẹ̀ fún òun. "Bá mi rán ìró àti bùbá fún un. Má ṣe é ní ìránkúrán o." Omi wà lójú rẹ̀.

Mo ní ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́. Ó ní Rose ní kí n ṣáà fi tèmi gé e.

Ọjọ́ Jímọ̀, 25

Aṣọ ti parí láàárọ̀. Ìró, bùbá, gèlè. Mo ti wọ̀ ọ́, ó bá ara mi mu gẹ́lẹ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú mi wà lọ́nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti kírun tán. Bí Bàbá Asiyah bá dé, aṣọ yìí ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.