Rélùwéè Gba Ilé Bàbá Mi Kọjá

                                                  14, Òpópónà Adéṣùnkànmí,
                                                  Ìjẹ̀bú-Òde,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Ayọ̀fẹ́ ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ tí wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú ò mọ ọbẹ̀ẹ́ sè ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jẹ tìrẹ ní àjẹtúnjẹ? Mo ń gbàdúrà fún yín lójoojúmọ́. Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí nítorí pé mo gbé odindi ìlú kan láti ilé mi dé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ gbọ́ gan-an ni bí ìpàtẹ ẹgbẹ́ wa ṣe lọ. Láti ìgbà tí o ti bá ọkọ rẹ lọ sí Òṣogbo, àwa mẹ́ta péré ló kù nínú Ẹgbẹ́ Onírélùwéè Kékeré: èmi, Bàbá Albert, àti Mukhtar oníná. Wò ó bí ayé ṣe rí. Ìwọ tí ojú irin gidi wà ní ìlú tí o ń gbé, mo mọ̀ pé o kì í yọjú wò ó. Àwa tí wọn kò ṣe ojú irin dé ìlú wa rí, àwa là ń ṣe rélùwéè tí kò tóbi ju ohun ìṣeré lọ, là ń gé agolo mílíìkì láti fi kan páànù fún ilé tí adìẹ lè tẹ̀ fọ́, tí à ń rẹ kànrìnkàn sínú aró kó lè di igbó kòkó. Àwọn aládùúgbò mi ti gbà pé ìfẹ̀yìntì ló ń ṣe mí. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Odogbolu, tí mo fi odindi ọdún jókòó ti fáìlì kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó ní nǹkan ń ṣe mí.

Lẹ́yìn tí o lọ tán ní oṣù Kìíní la ṣe ìpàdé. A ní kí oníkálukú kọ́ ìlú tirẹ̀ sórí pákó nínú ilé rẹ̀, kí a wá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́jọ́ ìpàtẹ, kí ọkọ̀ lè máa rìn láti ìlú dé ìlú. Bàbá Albert mú Ìjẹ̀bú-Òde, Mukhtar mú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, èmi mú Ìmùṣin wa. Èmi ni akọ̀wé. Mo kọ gíga tábìlì sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ojú irin gbọ́dọ̀ fi íǹṣì mẹ́rin jìnnà sí etí pákó. Kódà mo kọ irú ìṣó tí a ó lò. Oṣù márùn-ún gbáko la fi ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kí ẹnìkejì fojú kan tirẹ̀. Ṣebí o mọ̀ wá, a kì í fi iṣẹ́ tí kò tíì parí han ará ìta.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún Bàbá Albert o. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi fi àsíá dárí rélùwéè, ní Ọ̀fà, ní Jẹ́bà, ní ìlú onílùú. Ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán ọkọ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn; wọn kò gba ẹyọ kan wọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí wọn sí rí. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, ojú wọn ti ń ṣú, Helen ọmọ wọn sì ti ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Ajé, òun ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Èkó pátápátá. Sátidé ìpàtẹ yẹn ló kù fún wọn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìwé àkókò ọkọ̀, wọ́n sì fún wa ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan péré ló wà nínú rẹ̀: Ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, aago mẹ́wàá géérégé. Ibi tí ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ kò kàn wọ́n.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, a gbé àwọn ìlú wa dé gbọ̀ngàn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ti Mukhtar, ẹnu sì yà mí. Bàbá Albert kọ́kọ́ ṣí tiwọn: ibùdókọ̀ alájà méjì, ojú irin wọlé láti apá kan, ó parí síbẹ̀, igi pupa dí ìdí rẹ̀. Mukhtar ṣí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀: ojú irin wọlé, ó parí síbẹ̀. Ni mo bá ṣí tèmi. Ayọ̀fẹ́, ojú irin wọ Ìmùṣin, ó lọ parí síwájú ilé bàbá mi, kó lè jẹ́ pé ilé yẹn ni ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, títí kan ìṣó, mo gbàgbé láti kọ ìlú tí yóò wà láàárín, tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá. Kò sì sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́ta tó ronú pé ọkọ̀ lè dé ìlú òun kó tún ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ní tiwa, olúkúlùkù ọwọ́ ló fẹ́ jẹ́ àyà.

Mukhtar ní kí wọ́n so Òde mọ́ Ifẹ̀, kí Ìmùṣin máa wòran. Mo rán an létí pé èmi ni mo ni ẹ́ńjìnnì. Ó wá ku ìlú tí a ó gé. Bàbá Albert ní kí ojú má rí ibi, ta ló ń gba Òde kọjá, ṣebí Òde ni gbogbo wọn ń bọ̀. Tí Mukhtar kò sì ṣeé gé, nítorí pé sìmẹ́ǹtì gidi ni arákùnrin yìí dà sí ìdí ojú irin. Tèmi nìkan ni páálí. Mukhtar mú báírò pupa, ó sì sàmì X gàdàgbà sára ilé bàbá mi, bí ìjọba ti ń ṣe sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó.

“Ẹ má bínú, Màdáámú,” ló wí, “dẹfẹlópúmẹ́ǹtì ni.”

Inú bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ilé yẹn. Igi ìṣáná ni mo fi ṣe àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí níwájú ìta, mo sì kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bó ṣe rí gan-an. Mo gbé ẹ́ńjìnnì mi sínú báàgì, mo sì kọrí sílé láì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí mo ti ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ ara mi sú mi. Láti kékeré ni mo ti ń bú ìjọba pé wọn kò mú rélùwéè wá sí Ìjẹ̀bú. Àwa mẹ́ta wá rí rélùwéè tí kò gùn tó apá mi, a kò jẹ́ kó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ajé tí Bàbá Albert ń lọ kò ní dúró dè mí. Mo mú ẹ́ńjìnnì, bíléèdì àti gọ́ọ̀mù, mo padà sí gbọ̀ngàn, mo sì fọwọ́ ara mi hú ilé bàbá mi. Nígbà tí mo gbé e dání tí n kò mọ ibi tí màá gbé e sí, Bàbá Albert gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra gbé e sẹ́yìn ibùdókọ̀ wọn. Bàbá mi, tó búra pé láyé òun, òun kò ní gbé Òde, ti di ará Òde lẹ́yìn ikú.

Èrò pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Alàgbà kan fa ọwọ́ mi, ó ní ṣé ìjọba ti fọwọ́ sí i. Mukhtar so wáyà mọ́ bátìrì ọ̀kadà, ọkọ̀ sì gbéra ní Ifẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́wàá lù. Ó dé Ìmùṣin, ibi tí ilé bàbá mi ti kúrò gan-an, ó sì yẹ̀ kúrò lójú irin. Gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ ojú irin tuntun síbẹ̀ kò tíì gbẹ. Bí a ti ń tún un ṣe ni Bàbá Albert nàró níwájú pákó wọn, fìlà iṣẹ́ àtijọ́ lórí, àsíá ewé lọ́wọ́, wọn kò sì jókòó.

Nígbà tó yá, ó lọ. Ó gba Ìmùṣin kọjá láì dúró, wágọ́nù búlúù tí o fi sílẹ̀ fún mi ló kẹ́yìn, ó sì rọra wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Omi bọ́ lójú mi. Mukhtar tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ látàárọ̀ kọjú sí ògiri. Bàbá Albert nìkan ni kò sunkún. Wọ́n ká àsíá wọn, wọ́n bi mí pé aago mélòó lù, mo ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọ́n fa ìwé iṣẹ́ wọn yọ, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kọ ọ́, torí ojú wọn kò ríran dé ibẹ̀ mọ́. Mo kọ ohun tí wọ́n pè: Ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá pẹ́.

Mo fẹ́ pa ìwé náà dé. Wọ́n ní ó ku ibì kan, pé ní rélùwéè, a kì í kọ pé ọkọ̀ pẹ́ kí a má kọ ohun tó fà á. Èmi náà ni mo fọwọ́ mi kọ ọ́, Ayọ̀fẹ́: Ìmùṣin.

Wọ́n ti lọ sí Èkó lánàá, ìwé náà wà nínú àpò wọn. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo ní kí wọ́n jẹun kánú. Bí ọkọ̀ gidi bá kọjá ní Òṣogbo, jọ̀ọ́, jáde, kí o juwọ́ sí i nítorí Bàbá Albert.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀ tí wọ́n tún ní òun ló fà á tí ọkọ̀ fi pẹ́,

Yéjídé.